Ẹni Tó Jókòó sí Àga Noreen

Eyín kọ́kọ́rọ́ náà kọjú síta.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba Noreen Birtwell sí iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ní ilé ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹyìn Aldersby Town, ara ògiri ló máa ń jẹ́ kí eyín kọ́kọ́rọ́ ilé náà kọjú sí tó bá ti fi í kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú, pé eyín kọ́kọ́rọ́ tó bá kọjú síta, aṣọ ni yóò máa fà ya. Ó ti mọ́ ọn lára. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe é lódì.

Ẹlòmíràn ló gbé e kọ́. Ó sì mọ ẹni náà. Ìdí tí àyà rẹ̀ fi ń já gan-an nìyẹn, torí kò lè dárúkọ onítọ̀hún láìsọ ohun tó wá mú nínú ilé ìdáná òun.

Sájẹ́ǹtì Rukhsana Mirza jókòó sídìí tábìlì, ó kẹ̀yìn sí ìṣó ọ̀hún, ó ń ro ṣúgà pọ̀ mọ́ tíì rẹ̀ bí ẹni tó wá kí àbúrò ìyá rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Nísàlẹ̀ ìlú yìí náà ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ló ń fi takisí gbé àwọn ọ̀mùtí lọ sílé lẹ́yìn ìdíje. Kì í mú bírò dání. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kì í pariwo mọ́ ènìyàn, àmọ́ bó bá ti béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí onítọ̀hún yáa lọ di ẹrù rẹ̀ ni.

Ohun tó gbé e wá kì í ṣe àṣírí mọ́ ní Aldersby. Lọ́jọ́ Sátidé, bí bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ta ọtí ní ilé ẹgbẹ́ lé àwọn tó kù síbẹ̀ jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn tó padà wá ṣí i, àpótí onígíláàsì ti ṣófo. Ife-ẹ̀yẹ fàdákà tí àwọn bàbá àgbà gbà, ọ̀kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà gbà láyé rẹ̀, ti di àwátì. Olè náà kò já ilẹ̀kùn, kò fọ́ gíláàsì, torí wọn kì í ti àpótí náà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ jáde, bí onílé.

Sájẹ́ǹtì ní ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ náà. Ọlọ́tí wà láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìjókòó, kò dìde títí bọ́ọ̀lù fi parí. Alága ẹgbẹ́, Leonard Ormerod, wà lókè níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i.

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà?”

Noreen ní orí àga òun lòun wà. Nínú Tannery ni, ìjókòó ẹ̀yìn góòlù, orí àga tí bàbá òun ti jókòó kó tó fi sílẹ̀ fún òun. Sájẹ́ǹtì mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà pápá wí, pé káàdì ọlọ́dún tí Noreen fi ń wọ pápá wọlé kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, iná aláwọ̀ ewé sì tàn fún un.

Ara Noreen rọ̀ díẹ̀. Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í mọ ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ó fi kún un pé Winnie Lomax wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bí ìṣe rẹ̀, pé Winnie ń ráhùn òtútù ṣáá, pé òun tiẹ̀ fún un ní mínńtì.

Sájẹ́ǹtì mu tíì rẹ̀. Ó wo fèrèsé. Àwọn ẹyẹlé kan kó ara wọn jọ sórí etí òrùlé níta, wọ́n fẹ́ ìyẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé.

“Ilé Winnie ni mo ti ń bọ̀,” ló wí. “Ọmọ rẹ̀ bímọ. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti wà ní Leeds, ó sì ti fi àga rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ bá a tà á. Ta lẹ fún ní mínńtì, mà?”

Noreen wo ilẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ òfin ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí kò bá lè wá, kó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹgbẹ́ tà á fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé káàdì fún aládùúgbò, wọ́n á gba káàdì náà, wọ́n á sì fi àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìlú ló sì ń ṣe é. Noreen kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti orí fóònù. Ní tirẹ̀, àga kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń nà sórí àtẹ. Ẹni téèyàn mọ ni wọ́n ń fi í ṣọ́.

Ó dà bíi pé ọlọ́pàá náà gbọ́ ohun tó ń rò. Ó ní òun ti yí gbogbo àwọn tó ń jókòó ní ìlà Noreen ká. Gbogbo wọn ló búra pé àwọn wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ sọ bí òun àti aládùúgbò òun ṣe jọ kọrin títí ohùn fi há, bẹ́ẹ̀ Spain ni aládùúgbò náà wà.

“Mi ò tíì rí ìlà tó kún tó bẹ́ẹ̀ rí, tí kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Noreen lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e kò ní ẹ̀rín nínú. Sájẹ́ǹtì ní kó ronú sí i dáadáa. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà nìkan ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bó bá gbà pé òun kò sí lórí àga náà, á jẹ́ pé ilé ló wà, ó dá wà, kọ́kọ́rọ́ sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì tẹnu mọ́ irọ́ rẹ̀, irọ́ náà á wó lé e lórí nílé ẹjọ́. Nínú méjèèjì, èyí tó bá jẹ́ òótọ́ nìkan ni òun lè fi ràn án lọ́wọ́.

Noreen dìde. Ó nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Ikọ́ ló dá òun wólẹ̀. Roy Cragg wá láàárọ̀ Sátidé. Òun ló ń gbé ilé kejì, ọ̀rẹ́ ọkọ òun ni. Ó ní kí káàdì má ṣòfò. Orí àga tìmùtìmù ni òun wà, òun kò lè dìde, òun sọ fún un pé orí ìṣó ló wà, kó lọ mú un. Nírọ̀lẹ́ ó dá a padà, ó fúnra rẹ̀ gbé e kọ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Sájẹ́ǹtì Mirza yíjú padà.

“Orí ìṣó yẹn?”

“Ìṣó kan náà ni.”

Noreen wá sọ ti eyín kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́pàá náà súnmọ́ ọn, ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun gbà á gbọ́, àmọ́ adájọ́ tí yóò tìtorí eyín kọ́kọ́rọ́ ju ènìyàn sẹ́wọ̀n kò tíì dé ayé. Ó jókòó padà. Ó béèrè ohun tí Noreen ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

“Mo ń gbọ́ ọ.”

“Lórí rédíò?”

“Rárá o. Lára ife.”

Ó nawọ́ sí àwọn ife tó so rọ̀ sábẹ́ pákó. Ògiri ilé ìdáná rẹ̀ àti irin Tannery fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Bí Aldersby bá gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n iwájú Tannery, àwọn ènìyàn ibẹ̀ á ya lu ara wọn lọ síwájú, irin á mì, ife á máa lu ara wọn. Bó bá wọ àwọ̀n ti ọ̀hún lọ́hùn-ún, ariwo nìkan ni wọ́n ń pa. Lọ́jọ́ Sátidé, góòlù àkọ́kọ́ lu ife. Èyí tó kẹ́yìn, tí wọ́n fi borí, ife kò mira. Ó ní òun rò pé àwọn àlejò ló gbá a wọlé, inú òun bàjẹ́, àfìgbà tí òun gbọ́ orin lójú pópó.

Sájẹ́ǹtì wo àwọn ife náà. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ife kan kò lè ṣèèṣì dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè rẹ̀.

“Àwọn ife yẹn kì í purọ́,” ni Noreen wí. “Èmi ni mo ń purọ́.”

Ọlọ́pàá náà de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè.

“Ẹyẹlé ta nìyẹn?”

Noreen ní ti Roy ni. Láti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti ń sùn sórí òrùlé òun.

*

Bí Noreen àti Sájẹ́ǹtì ṣe dé ilé ẹgbẹ́, Alága Ormerod ti ń dúró dè wọ́n, ojú rẹ̀ pọ́n bí aṣọ ẹgbẹ́. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì má ṣe wàhálà mọ́, ọwọ́ ti tẹ olè. Obìnrin tó ń ta páì ẹran rí Kelvin Stubbs lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Kelvin nìyí, ó jókòó sábẹ́ àpótí tó ṣófo, ó ń jẹ ìṣù páì kan bí ẹni tó wá sí àsè.

Noreen mú aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀, ó lọ dúró sí igun. Bó bá mú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, ènìyàn kì í rí i.

Sájẹ́ǹtì ní kí Kelvin tú àpò rẹ̀. Kò sí fàdákà níbẹ̀. Káàdì ọlọ́dún ló wà níbẹ̀, ìdì kan, ti oríṣiríṣi ènìyàn. Ṣe ni Kelvin máa ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ wọlé, á yá wọn fún àlejò tó wá láti òkè òkun, á sì dúró lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́ dìgbà tí wọ́n bá jáde kó lè gbà wọ́n padà. Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ àpò náà. Ó búra pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ni káàdì wọ̀nyẹn tí yóò tún fìdí kan àga mọ́. Ó ní àwọn gan-an ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́, àwọn tí wọ́n sọ àga bàbá wọn di kẹ̀kẹ́ àyágùn.

Noreen di aṣọ ìnulẹ̀ náà mú títí omi fi ń kán sí i ní bàtà.

“Orúkọ àwọn tó fún ẹ,” ni Sájẹ́ǹtì wí.

“Ọ̀gá mi, ẹ dákun. Bí mo bá dárúkọ ẹnì kan lónìí, ta ló tún máa fún mi lọ́la?”

“Ó dáa. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ẹni tó bá gbé káàdì fún ẹ, ṣé ó máa ń dúró wo bọ́ọ̀lù?”

Kelvin wò ó bí ẹni wo ọmọ tí kò tíì gbọ́n. “Bó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, ṣé á gbé e fún mi ni?”

Sájẹ́ǹtì ní kó máa lọ. Kelvin gbé páì rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ yẹ̀yẹ́ fún Alága, ó jáde.

Alága wá bẹ̀rẹ̀ sí í fapá jánú. Ó ní òun mú olè, ọlọ́pàá tú u sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn pẹ̀sẹ̀ pé olè tó jí ife tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ní dúró sẹ́yìn ilé tó ti jí i, kó máa ka káàdì. Ó ní Kelvin kò mú ife, àmọ́ ó ti mú ohun tó ṣe pàtàkì ju ife wá: ó ti jẹ́ ká mọ̀ pé káàdì lè wọlé kí ẹni tó gbà á sì wà níta. Nígbà náà ló rán ọlọ́pàá kan kó lọ pe Roy Cragg.

Kí Roy tó dé, Sájẹ́ǹtì rìn lọ sí igun ibi tí Noreen wà. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń tọrọ omi lọ. Ó ní òun kò ní sọ ti káàdì náà fún Alága. Noreen fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́, bó bá fẹ́. Bí kò bá fẹ́, òun á wá ọ̀nà míràn, á kàn pẹ́ ni, Roy á sì rí àyè gbé ife lọ.

“Àga mi nìyẹn,” ni Noreen wí. “Kò sí nǹkan míràn tí mo ní.”

“Mo mọ̀, mà.”

*

Roy wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ti fìlà sẹ́yìn. Ó kí Alága, ó kí Sájẹ́ǹtì, ó ṣẹ́jú sí Noreen. Wọ́n bi í níbi tó wà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní níbo ni ọmọ Aldersby tòótọ́ tún lè wà? Nínú Tannery ni, lórí káàdì ọ̀rẹ́ kan.

“Ọ̀rẹ́ wo?” ni Alága wí.

“Alága, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Èmi kì í ta ọ̀rẹ́.” Ó tún wo Noreen bó ti ń sọ ọ́.

Noreen rí ìwò náà. Ó ti ń wo ojú ènìyàn láti ìgbà pípẹ́, torí ẹni tí kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ojú ni ìwé tó ń kà. Ohun tó kà níbẹ̀ kì í ṣe àánú. Roy ti mọ̀ pé ẹ̀rù á di òun lẹ́nu. Ẹ̀yìn ẹ̀rù òun ló sá pamọ́ sí, bí ẹni sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Sájẹ́ǹtì ní ó ṣe òun láàánú, pé bí òun kò bá mọ oní-káàdì, òun kò lè bi ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà léèrè. Noreen rí àga náà lójú ọkàn rẹ̀, kùn rẹ̀ tó ti ṣí níbi tí ìgbúnwọ́ bàbá rẹ̀ máa ń wà.

“Èmi ni,” ló wí. Ohùn náà kéré. Ó tún un sọ. “Èmi ni mo fún un ní káàdì, Alága. Ikọ́ ń ṣe mí. Ilé ni mo wà.”

Alága yíjú sí i bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀. Ó ní Noreen náà, nínú gbogbo ènìyàn? Ó na ọwọ́, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Noreen yọ káàdì náà nínú àpò àwọ̀lékè rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Roy mí kanlẹ̀. Ó ní kò wu òun kó rí báyìí, àmọ́ kí wọ́n bi ẹ̀rọ wọn léèrè o, á sọ fún wọn pé òun wọlé.

“Ó ti sọ ọ́,” ni Sájẹ́ǹtì wí. “Ṣebí ìwọ ni, mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mi ò rí ìdíje náà. Góòlù tí wọ́n fi borí, wọ́n ní ó dùn. Báwo ló ṣe wọlé?”

Bí wọ́n bá ní kí ọlọ́bọ̀ọ́lù sọ̀rọ̀ góòlù, ẹni tó fẹ́ sùn á jí. Roy dìde. Ó fi tábìlì ṣe pápá. Ó ní ó ti ń tó àkókò kí rẹfirí fọn fèrè, gbogbo ènìyàn ti ń wo ọ̀nà ilé. Pelling, agbábọ́ọ̀lù Aldersby, gba bọ́ọ̀lù lápá òsì, ó gé ẹnì kan, ó tún gé e padà, ó wá gbá a lọ sí igun òkè. Ó ní níwájú àwọn gan-an ló wọlé, gbogbo Tannery ya wálẹ̀ bí omi, ìyá àgbà kan já lé òun lẹ́yìn, bí òun bá na apá báyìí, òun á fọwọ́ kan àwọ̀n.

Ó jókòó. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Alága Ormerod ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yí padà. Ó di káàdì Noreen mú, ó gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ òun. Noreen rí i. Ó wo Sájẹ́ǹtì, ó rí i pé òun ni ó ń dúró dè.

“Ife mi kò dún,” ni Noreen wí. “Ẹ̀gbọ́n Roy, góòlù yẹn kò wọlé níwájú Tannery. Lọ́hùn-ún ló wọlé sí. Ilé ni mo wà, mo sì mọ̀.”

Roy rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbọ́ obìnrin tó ń fi ife wo bọ́ọ̀lù. Ṣé ọmọ ìlú yìí kọ́ ni Noreen? Ṣé kò mọ̀ pé lẹ́yìn ìsinmi, iwájú Tannery ni Aldersby ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, láti ayé bàbá àwọn bàbá?

“Àfi lọ́jọ́ Sátidé,” ni Alága wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan ń dùn. “Balógun àwọn àlejò ló jàre nígbà tí rẹfirí ju owó ẹyọ sókè. Ó yí wa padà. Tannery bú u títí ó fi di eruku. Lọ́hùn-ún la gbá lọ lẹ́yìn ìsinmi, Roy. Kò sí ẹni tó wà ní pápá yẹn tó lè gbàgbé.”

Sájẹ́ǹtì Mirza kò yára. Ó fa àga kan, ó jókòó kọjú sí Roy, orókún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orókún. Ó ní bí àlejò tí kò mọ bọ́ọ̀lù bá fẹ́ parọ́, á kọ́kọ́ bi ẹnì kan léèrè, kò sì ní ṣì í. Ẹni tó ti ń wọ Tannery láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé e sọ́rùn nìkan ló lè ṣi irú èyí, torí kò sí ohun tó fẹ́ bi ẹnikẹ́ni. Fóònù sọ orúkọ Pelling fún un, ó sọ apá òsì fún un, ó sọ igun òkè fún un. Ìhà tó wọlé sí nìkan ni kò sọ, ọkàn Roy sì fi èyí tó mọ̀ dí àlàfo náà.

“O kò wo góòlù yẹn. O ti gbé káàdì fún Kelvin kí ẹ̀rọ lè jẹ́rìí èké fún ẹ. O mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó tí káàdì wà, o sì gbé e kọ́ padà tí eyín rẹ̀ kọjú síta. Àbí irọ́ ni mo pa?”

Roy ní ẹnu lásán nìyẹn. Ìṣó, ife, eyín. Ibo ni fàdákà wà?

“Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bi àwọn ẹyẹlé rẹ,” ni Sájẹ́ǹtì wí. “Òtútù yìí, wọ́n ń sùn sórí òrùlé Ìyáàfin Birtwell. Ẹni tó ń sin ẹyẹlé kì í ti ilé wọn pa mọ́ wọn lójú, àfi bí ohun míràn bá ti gba ibẹ̀. Mo ti ní ìwé àṣẹ. Ṣé kí n lọ fọ́ àgádágodo náà ni, àbí wàá fún mi ní kọ́kọ́rọ́? Mo rí i pé o mọ kọ́kọ́rọ́ lò.”

Roy bọ́ fìlà rẹ̀. Orí rẹ̀ ti pá ju bí Noreen ṣe rò lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Alága kọ́ ló sọ ọ́ fún. Ó ní bàbá bàbá òun wà lára àwọn tó gbé ife yẹn wọ ìlú, lórí èjìká ló gbé e láti ibùdókọ̀ ojú irin. Ọdún tí òun kò lágbára láti san ti káàdì ọlọ́dún mọ́, wọ́n ta àga òun kó tó tutù. Láti ìgbà náà, òun ń lọ láti ilé dé ilé, “ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń lọ lọ́sẹ̀ yìí,” bí ẹni ń tọrọ iná.

“Gbogbo yín lẹ ní àga,” ló wí. “Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà nílé tèmi náà.”

“Kí o sì jẹ́ kí wọ́n fi mí sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n?” ni Noreen bi í.

Roy yọ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà, ó gbé e sórí tábìlì.

Abẹ́ ìtẹ́ àwọn ẹyẹlé ni wọ́n ti bá ife, àpò àgbàdo ló fi wé e. Kò tiẹ̀ bó lára.

*

Nígbà tí wọ́n mú Roy lọ tán, Alága gbé ife padà sínú àpótí. Ó wá rántí káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó dun òun o, ṣùgbọ́n òfin ni òfin, òun kò lè dá Noreen sí kí òun tún mú ẹlòmíràn.

“Òótọ́ ni,” ni Sájẹ́ǹtì wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni sí. Mo ti yí gbogbo ìlà rẹ̀ ká. Kò sí ẹnì kan tó wà lórí àga ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti Winnie nìkan ló sì bá òfin mu. Ẹni tó jókòó sí àga ìyàwó yín lókè ńkọ́, Alága? Ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn? Bí ẹ bá máa gbá ilé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè.”

Alága wo ife. Ó wo káàdì. Ó bojú wo ìyẹn, ó tún wo èyí, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá a dá a. Níkẹyìn ó gbé káàdì náà sórí tábìlì, ó rọra fi ìka tì í dé etí tó wà lọ́dọ̀ Noreen, ó ní òun fẹ́ lọ wo bí iná ẹ̀yìn ṣe ń jó.

Noreen kò mú un kíákíá. Ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀.

*

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ìlà Noreen kún dẹ́múdẹ́mú, àwọn tó ni àga gan-an ni gbogbo wọn. Wọ́n jókòó ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó lọ sí Spain pàápàá wà níbẹ̀, imú rẹ̀ ń bó nítorí oòrùn. Rẹfirí ju owó ẹyọ sókè. Gbogbo Tannery na ọrùn láti wo ẹni tó jàre. Balógun tiwọn ló jàre, ó nawọ́ sí àwọ̀n iwájú wọn fún ẹ̀yìn ìsinmi, wọ́n mí kanlẹ̀ pọ̀, ara irin mì díẹ̀.

Àga Winnie nìkan ló ṣófo. Bí bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan gba àárín àwọn orókún kọjá, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì, ó fi aṣọ ọrùn ẹgbẹ́ wé orí. Ó jókòó. Ìlà náà tún le sí i, látòkè délẹ̀.

Noreen wo iwájú. Ó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Winnie ńkọ́?”

“Leeds,” ni Sájẹ́ǹtì Mirza wí.

“Ṣé orí fóònù lẹ ti rà á ni, àbí ó fi ọwọ́ gbé e fún yín?”

Ọlọ́pàá náà ń wo pápá. Etí ẹnu rẹ̀ mira.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ fún mi ní mínńtì kan.”

Noreen ki ọwọ́ bọ àpò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí sí i.